Táńkì kúláǹtì nínú kámpà T3 tí a pààrọ̀ ẹ́ńjìnì rẹ̀: omi ń dà jáde, kì í sì í padà

Arìnká

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, òní ni màá kọ́kọ́ béèrè nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà ti tojú sú mi.

Volkswagen T3 ọdún 1986 ni mo ní, èyí tí wọ́n ṣe ibùsùn àti ibi ìdáná sí inú rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tó bá a wá ti kú kí n tó rà á. Ẹni tó tà á fún mi ti jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì ti gbé Subaru EJ22 sí i lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnì yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa, agbára rẹ̀ sì tẹ́ mi lọ́rùn. Omi tó ń mú un tutù, tí a fi oògùn tí wọ́n ń pè ní kúláǹtì pò, ni ìṣòro mi.

Bí mo bá ń wà á nínú ìlú tàbí lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gun òkè gígùn fún bí ìṣẹ́jú 20, gééjì á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò, hítà iwájú á sì máa fẹ́ atẹ́gùn tútù. Bí mo bá dúró, mo máa ń gbọ́ tí omi ń dún gbulugbulu nínú táńkì. Tí mo bá ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà ọkọ̀, màá rí i pé ike kejì, èyí tí omi tó bá jáde nínú táńkì ń sá sí, ti kún dé ẹnu, ó sì ń dà sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tutù, omi inú táńkì gangan á ti lọ sílẹ̀, èyí tó wà nínú ike kò sì ní padà sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti bu lítà kan àti ààbọ̀ kún un.

Mo ti pààrọ̀ ìdérí lẹ́ẹ̀kan. N kò rí ibi tó ń jò. Ṣé táńkì ni kí n pààrọ̀ ni, àbí ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti àgbá sílíńdà. Èéfín iná láti inú sílíńdà ló ń wọ inú omi, tó sì ń tì í jáde. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pààrọ̀ rọ́bà àti ìdérí kí n tó gbà. Ẹ má fi owó yín ṣòfò lórí táńkì. Ẹ tú orí ẹ́ńjìnì.

Ìyá Onímọ́tò

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, ẹ fara balẹ̀ o. Òótọ́ ni pé gásíkẹ́ẹ̀tì lè fa gbogbo ohun tí Arìnká kà sílẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló lè fà á. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ká tó mú sípánà.

Arìnká, ní àárọ̀ tí ẹ́ńjìnì bá tutù pátápátá, ẹ ṣí ìdérí táńkì, ẹ sítáàtì, kí ẹ wá tẹjú mọ́ omi. Bí èéfín iná bá ń wọlé, afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó á máa yọ lójú omi láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kò sì ní dáwọ́ dúró. Bó bá yọ díẹ̀ tó sì tán, afẹ́fẹ́ tó há ni, kì í ṣe èéfín. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ dé ìdérí, ẹ sítáàtì nígbà tó tutù, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ rọ́bà ńlá tó ń lọ sí rédíétọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Omi kò tíì gbóná nígbà yẹn, kò sì yẹ kí rọ́bà ti le. Bó bá ti le bí igi, ohun kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀.

Èyí tó dá mi lójú jù ni oògùn àyẹ̀wò aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń dà sínú gíláàsì tí wọ́n ń gbé lé ẹnu táńkì. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè omi á máa gba inú oògùn náà kọjá. Bí èéfín iná bá wà nínú rẹ̀, búlúù á di yẹ́lò. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ní in. Ẹ dín omi kù díẹ̀ kí ẹ tó gbé e lé e, torí bí kúláǹtì bá kan oògùn náà, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣí ìdérí yẹn nígbà tó bá gbóná. Omi tí ìdérí ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lè gbóná kọjá 100°C láì hó. Bí ẹ bá ṣí i lójijì, yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú sí yín lójú. Mo mọ ẹni tí apá rẹ̀ ṣì ní àpá títí di òní.

Àgbà Dírẹ́bà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ní tèmi, ìdérí ni kí ẹ wò. Ẹ yí ìdérí tó ń ṣí ní ìfúnpá bar 0.9 kúrò, kí ẹ fi ti bar 1.5 sí i. Ìfúnpá tó pọ̀ ló ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó. Mo ṣe é sí ọkọ̀ mi, omi kò sì dà jáde mọ́.

Ọ̀gá Páìpù

Àgbà Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má bínú sí mi, ìmọ̀ràn yẹn léwu nínú ọkọ̀ tó ti lé ní 30 ọdún.

Ẹ̀kọ́ tó wà nídìí rẹ̀ kò burú. Omi lásán ń hó ní 100°C. Bí ìdérí bá fi ìfúnpá bar 1 kún un, ó di nǹkan bí 120°C kó tó hó. Kúláǹtì tí a pò ní ìdajì-ìdajì tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìdérí ló yẹ kó kọ́kọ́ jọ̀wọ́ nínú gbogbo ètò yẹn. Bí ẹ bá fi 1.5 sí i, ibòmíràn ló máa jọ̀wọ́: ó lè jẹ́ ike táńkì tó ti gbó, ó lè jẹ́ hítà tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì lè jẹ́ páìpù ike tó gba abẹ́ ọkọ̀ lọ síwájú. Ọkọ̀ T3 mìíràn ní páìpù ike lábẹ́. Bí ọ̀kan bá yọ lẹ́nu ìdè rẹ̀ nígbà tí ẹ ń sáré, gbogbo omi á ti lọ tán kí gééjì tó sọ fún yín.

Bí omi kò bá dà jáde mọ́ torí pé ìdérí ti le, ohun tó ń tì í jáde ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kan há a mọ́ inú ni.

Ẹ́ńjìnì-Wà-Lẹ́yìn

Mo ti gbé EJ sí T3 mẹ́ta, méjì fún ara mi, ọ̀kan fún àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ gùn díẹ̀, torí pé nínú ọkọ̀ tí a pààrọ̀ ẹ́ńjìnì rẹ̀, táńkì gan-an kì í sábà jẹ̀bi. Bí wọ́n ṣe so ó ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Ẹ rántí ìrísí ọkọ̀ yìí. Rédíétọ̀ wà níwájú pátápátá, ẹ́ńjìnì wà lẹ́yìn pátápátá, páìpù gígùn méjì ló so wọ́n pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Omi inú gbogbo rẹ̀ tó lítà 16 sí 18. Bí omi bá gbóná láti 20°C dé 90°C, ó máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí 4 nínú 100. Ẹ wá ìdá 4 nínú 100 lítà 17, ẹ máa rí i pé bí ìdá méje nínú mẹ́wàá lítà kan gbọ́dọ̀ ríbi lọ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá gbóná. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè omi nínú táńkì ló ń gba a láyè. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í bu omi dé ẹnu táńkì nígbà tó bá tutù. Ẹni tó bá bu ú kún á rí i kó dà jáde, á wá rò pé àìsàn ni.

T3 tó ń lo omi ní nǹkan méjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dà pọ̀. Táńkì tó wà lápá ẹ́ńjìnì, tí ìdérí tó le wà lórí rẹ̀, wà nínú ìfúnpá. Ike tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà kò sí nínú ìfúnpá rárá. Ibi tí omi tó bá pọ̀ jù ń sá sí ni, kó tún lè ti ibẹ̀ padà. Ìdérí ní fáàfù méjì: ọ̀kan ń ṣí síta bí ìfúnpá bá pọ̀ jù, èkejì ń ṣí sínú bí ẹ́ńjìnì bá tutù tí omi sì sún kì, kó lè fa omi padà láti inú ike. Omi tó ń jáde tí kì í padà, fáàfù kejì yẹn lè ti lẹ̀ pọ̀, tàbí kí rọ́bà kékeré tó wà láàárín táńkì àti ike ti sán. Rọ́bà tó sán lè má jò sílẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni yóò máa fà dípò omi. Ẹ yọ rọ́bà yẹn, ẹ fi ìka dí ẹnu kan, kí ẹ fẹ́ ẹnu kejì.

Ó wá kan èyí tó gbé mi lọ́kàn jù. Ibo ni wọ́n so ìsàlẹ̀ táńkì yín mọ́?

Rọ́bà ńlá tó ti ìsàlẹ̀ táńkì jáde gbọ́dọ̀ lọ sí ẹnu tí pọ́ńpù omi ti ń FA omi, kì í ṣe ibi tí pọ́ńpù ń TÌ í sí. Mílímítà 19 ni èmi ń lò. Ẹnu ìfà ni ìfúnpá ti kéré jù nínú gbogbo ètò náà. Bí táńkì bá wà níbẹ̀, ó ń gbè é lẹ́yìn, kì í jẹ́ kí omi hó ní ẹnu pọ́ńpù. Rọ́bà kékeré, mílímítà 8, á sì ti ibi tó ga jù lára ẹ́ńjìnì wá sí òkè táńkì, kó máa gbé afẹ́fẹ́ wá. Ẹ jẹ́ kí ihò kan nínú rọ́bà kékeré yẹn fún, mílímítà 3 ti tó, torí pé bí omi bá ń ya wọ inú táńkì, yóò máa po afẹ́fẹ́ mọ́ra ni, omi náà kò sì ní gba rédíétọ̀ kọjá.

Bí ẹni tó ṣe é bá so ìsàlẹ̀ táńkì mọ́ páìpù gbígbóná tó ń jáde lọ sí rédíétọ̀, ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ́ńjìnì kò yí kíákíá, kò sí ìṣòro. Lórí òkè, ẹ wà ní jíà kékeré, pọ́ńpù ń yí gidigidi, ìfúnpá tó ń tì síwájú á kún ti ooru, ìdérí á ṣí. Omi á jáde láìjẹ́ pé ó hó rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, omi kò tó mọ́, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀, á lọ jókòó sínú hítà torí pé hítà ga. Hítà á tutù. Sẹ́ńsọ̀ á kan afẹ́fẹ́ nígbà kan, á kan omi nígbà mìíràn, gééjì á máa lọ sókè sódò. Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ kọ nìyẹn?

Ẹ tún gbé pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ fi wò bóyá ojú omi inú táńkì ga ju páìpù irin tó dábùú orí EJ22 lọ. Páìpù yẹn ló ga jù lára ẹ́ńjìnì. Bí táńkì bá rẹlẹ̀ sí i, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà jáde, bó ti wù kí ẹ ṣí i tó.

Arìnká

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyá Onímọ́tò, afẹ́fẹ́ yọ fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó sì tán. Rọ́bà kò le. Mẹkáníìkì kan bá mi gbé oògùn búlúù lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tó gbóná, búlúù ló ṣì jẹ́.

Ẹ́ńjìnì-Wà-Lẹ́yìn, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni. Rọ́bà ìsàlẹ̀ táńkì lọ bá ìsopọ̀ ọ̀nà mẹ́ta kan lára páìpù gbígbóná tó ń lọ síwájú. Kò sí ohun kankan tó so táńkì mọ́ ẹnu ìfà pọ́ńpù. Rọ́bà kékeré láti orí ẹ́ńjìnì wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi bóòtù dí i. Ojú omi inú táńkì fi sẹ̀ǹtímítà 3 rẹlẹ̀ sí páìpù irin orí ẹ́ńjìnì. Rọ́bà tó lọ sí ike náà sì ti sán ní ọrùn, lábẹ́ kílíìpù, ibi tí ojú kì í tó.

Inú mi dùn pé mo rí i, ó sì dùn mí pé mo ti fi ọkọ̀ yìí gun òkè mẹ́fà báyìí.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Búlúù tó wà ní búlúù, mo gbà. Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà, Arìnká, ẹ má tú orí ẹ́ńjìnì yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un nítorí gééjì tó ń lọ sókè sódò. Nínú EJ, tẹ́mọ́sítáàtì, ìyẹn fáàfù tí ooru omi ń ṣí, wà ní ẹnu tí omi ti ń wọ pọ́ńpù, nísàlẹ̀, kì í ṣe lókè níbi tí omi gbígbóná ti ń jáde. 78°C ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Omi tó ti iwájú ọkọ̀ padà wá ti tutù gan-an nígbà tó bá fi dé ẹ̀yìn. Bí kò bá sí omi gbígbóná díẹ̀ tó ń kan ẹ̀yìn tẹ́mọ́sítáàtì láti ọ̀nà hítà tàbí ọ̀nà kúkurú tí kò gba rédíétọ̀ kọjá, kò ní mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ti gbóná. Yóò pẹ́ kó tó ṣí, yóò ṣí, omi tútù á ya lù ú, yóò tún pa dé. Ìyẹn náà máa ń mú gééjì jó. Ẹ wò bóyá rọ́bà tó ń ti hítà bọ̀ ṣì ń padà sí pọ́ńpù, tàbí wọ́n ti gé e.

Ẹ́ńjìnì-Wà-Lẹ́yìn

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Ọmọ Alágbẹ̀dẹ. Nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ohun tó dà mí láàmú fún oṣù kan gbáko nìyẹn. Arìnká, ibi tí rọ́bà hítà ti ń padà yẹn gan-an ni ẹ máa so ìsàlẹ̀ táńkì mọ́. Ìsopọ̀ ọ̀nà mẹ́ta kan péré ti tó. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ máa yanjú méjèèjì.

Àmọ́ bí fáàfù hítà iwájú bá jẹ́ irú èyí tó ń dí omi pátápátá, omi gbígbóná kò ní dé ọ̀dọ̀ tẹ́mọ́sítáàtì nígbà tí ẹ bá pa hítà. Ẹ fi ọ̀nà kúkurú kan sí ẹ̀gbẹ́ fáàfù náà kí omi lè máa yí ká nígbà gbogbo.

Bọ́láwakọ̀

Kí ló dé tí gbogbo yín fi ń ṣe wàhálà tó báyìí? Mo ti yọ táńkì onífúnpá kúrò nínú kámpà tèmi láti ọdún mẹ́rin. Mo fi ọrùn irin kékeré kan sí orí páìpù òkè, ìdérí rédíétọ̀ lásán lórí rẹ̀, rọ́bà kan lọ sínú ike. Omi ń lọ, omi ń bọ̀. N kì í bu omi kún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún.

Ọ̀gá Páìpù

Bọ́láwakọ̀, ibo ni ẹ́ńjìnì yín wà?

Bọ́láwakọ̀

Iwájú. Rédíétọ̀ wà níwájú ẹ́ńjìnì.

Ọ̀gá Páìpù

Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe fún yín nìyẹn. Ètò yín kò burú, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é sí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń béèrè: ọrùn tí ìdérí wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tó ga jù lọ, torí pé omi nìkan ló ń fà padà. Afẹ́fẹ́ tó bá há síbòmíràn kò ní bá ọ̀nà yẹn jáde. Nínú ọkọ̀ yín, ohun gbogbo sún mọ́ra, afẹ́fẹ́ kò rìn jìnnà. Nínú T3, omi ń rìn láti ẹ̀yìn dé iwájú, ó ń gòkè ní ojú rédíétọ̀, ó ń gòkè ní ojú hítà, ó tún ń gòkè lórí ẹ́ńjìnì. Ibi mẹ́ta ni afẹ́fẹ́ lè fara pamọ́ sí. Táńkì tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀ máa ń kó afẹ́fẹ́ yẹn nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, láìsí pé ẹ fọwọ́ kàn án. Arìnká, ẹ má yọ tiyín.

Bọ́láwakọ̀

Ó yé mi. N kò ro ti bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó.

Ìyá Onímọ́tò

Arìnká, ẹ sọ pé ẹ ti bu lítà kan àti ààbọ̀ sí i. Kí lẹ bù?

Arìnká

Omi ẹ̀rọ lásán, Mà. Kúláǹtì tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pupa.

Ìyá Onímọ́tò

Mo fura. Nígbà tí ẹ bá ń tún rọ́bà so, ẹ tú gbogbo rẹ̀ dànù, kí ẹ fi omi fọ inú rẹ̀ títí yóò fi mọ́. Ẹ gbà á sínú ike, ẹ má dà á sílẹ̀. Ó dùn lẹ́nu ajá àti ológbò, ó sì ń pa wọ́n.

Orí ẹ́ńjìnì yẹn àti àgbá rẹ̀, alúmíníọ̀mù ni. Omi ẹ̀rọ ní iyọ̀ àti ẹfun nínú, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń bù sí bátìrì, ni kí ẹ fi pò ó, ìdajì omi, ìdajì kúláǹtì. Ìdajì-ìdajì yẹn kò ní dì títí yóò fi tutù dé nǹkan bí 37°C lábẹ́ òdo, kò sì jẹ́ kí irin dípẹtà. Ẹ má rò pé bí a bá fi kúláǹtì pọ̀ ju ìdajì lọ ló máa dára sí i. Omi ló ń gbé ooru jù. Kúláǹtì tó pọ̀ jù kì í jẹ́ kí ooru jáde bó ṣe yẹ.

Ẹ má sì fi àwọ̀ mọ irú rẹ̀. Pupa ilé iṣẹ́ kan lè má bá pupa ilé iṣẹ́ mìíràn mu. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí ẹ kà. Mo ti rí táńkì tí wọ́n po irú méjì pọ̀ nínú rẹ̀, ó di ẹrọ̀fọ̀ tó dà bí gbẹ̀gìrì tó ti sun mọ́ ìkòkò, ó sì dí hítà pa.

Arìnká

Ẹ ṣé, Mà. Màá tú u dànù. Ìbéèrè kan ló kù: táńkì náà ti di bíráwùn, ìlà kan sì wà ní ojú ibi tí wọ́n ti lẹ ìdajì rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ṣé kí n ra ike tuntun, àbí kí wẹ́dà fi alúmíníọ̀mù ṣe é fún mi? Mo ní láti gbé e ga ní sẹ̀ǹtímítà 5 bákan náà.

Ọ̀gá Páìpù

Ìlà tó bá wà lójú ìlẹ̀pọ̀, ẹ má dúró dè é. Ibẹ̀ gan-an ló máa ń là.

Méjèèjì dára. Ike tuntun ní àǹfààní kan tí mo fẹ́ràn: ẹ máa ń rí omi inú rẹ̀ láìṣí ìdérí. Alúmíníọ̀mù kì í gbó, ẹ sì lè sọ fún wẹ́dà ibi tí ẹ fẹ́ kí ẹnu rọ́bà kọ̀ọ̀kan wà. Bó bá jẹ́ alúmíníọ̀mù, ẹ jẹ́ kó fi irin pín inú rẹ̀ sí méjì, kó lu ihò sí ìsàlẹ̀ irin náà, kí omi tó ń wọlé láti òkè má bàa máa já lu omi tó ń lọ sí pọ́ńpù. Kí ó sì fi ọrùn tó bá ìdérí tí ẹ lè rí rà níbikíbi mu. Kó tó di pé ẹ so ó mọ́ ọkọ̀, ẹ fi pọ́ńpù ọwọ́ fẹ́ ẹ dé bar 1, kí ẹ tì í bọ inú bàsíà omi. Ibi tó bá ń jò á fi ara rẹ̀ hàn.

Àgbà Dírẹ́bà

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo lọ wo abẹ́ ọkọ̀ tèmi láàárọ̀ yìí. Ìsopọ̀ mi náà wà lára páìpù gbígbóná. Mo ti yọ ìdérí 1.5 yẹn, ọkọ̀ náà kò ní jáde títí màá fi tún un so. Ọ̀gá Páìpù, ẹ ṣeun.

Ẹ́ńjìnì-Wà-Lẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́, Àgbà. Fún ẹ̀yin méjèèjì, bí ẹ ṣe máa lé afẹ́fẹ́ jáde rèé, torí pé bí ẹ kò bá ṣe é dáadáa, ẹ máa rò pé ìsopọ̀ tuntun kò ṣiṣẹ́.

Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ ga ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40, kí ẹ fi igi dí táyà ẹ̀yìn. Ẹ ṣí hítà tán. Ẹ bu omi díẹ̀díẹ̀ sí táńkì títí kò fi ní lọ sílẹ̀ mọ́. Ẹ sítáàtì, kí ẹ́ńjìnì máa yí bí 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹnìkejì yín sì máa bu omi sí i bó ti ń lọ sílẹ̀. Nígbà náà, ẹ tú bóòtù kékeré tó wà lókè rédíétọ̀, lẹ́yìn irin àwọ̀n iwájú. Afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ jáde, omi á máa tutọ́, lẹ́yìn náà á dà tààrà. Bó bá ti dà tààrà, ẹ dé e. Ẹ jẹ́ kí ó gbóná títí fáànù rédíétọ̀ fi máa tan tó sì máa kú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ tún wo omi. Bó bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ má jáyà, afẹ́fẹ́ tó kù ló ń jáde.

Páìpù iwájú méjèèjì gbọ́dọ̀ gbóná. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù bí omi ìkòkò amọ̀, omi kò tíì yí ká.

Arìnká

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti parí.

Wẹ́dà ṣe táńkì alúmíníọ̀mù fún mi, ó sì pín inú rẹ̀ bí Ọ̀gá Páìpù ṣe wí. Nígbà tí a tì í bọ omi, igun kan jò, ó tún un lẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wà lára rọ́bà tó ń ti hítà bọ̀. A ti yọ bóòtù tó dí rọ́bà kékeré, a sì fi irin tó ní ihò mílímítà 3 há a lẹ́nu. Rọ́bà ike tuntun ni. Kúláǹtì tuntun ni. Lítà 16 àti ààbọ̀ ló gbà.

Lánàá, mo wà á gun òkè tó ti máa ń dá mi dúró, mo sì tún padà gùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Gééjì kò mì. Hítà gbóná débi tí mo fi pa á. Nínú ike ẹ̀yìn, omi gòkè ní ìka méjì, ní àárọ̀ yìí ó ti padà sí ojú ìlà rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni pé iná pupa kékeré inú gééjì ń ṣẹ́jú láìdáwọ́ dúró láti ìgbà tí mo ti sítáàtì, bẹ́ẹ̀ omi kún.

Ìyá Onímọ́tò

Inú mi dùn gan-an, ọmọ mi. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ń sọ pé omi kò tó. Sẹ́ńsọ̀ tó ní ẹsẹ̀ irin méjì ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀: iná ń gba inú omi láti ẹsẹ̀ kan dé èkejì. Inú táńkì àtijọ́ ló wà. Ṣé ẹ gbé e wá sínú táńkì tuntun?

Arìnká

Mo gbé e wá, Mà. Wẹ́dà ṣe ọrùn fún un lókè táńkì.

Ẹ́ńjìnì-Wà-Lẹ́yìn

Táńkì tuntun ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àbí? Ẹ wọn ẹsẹ̀ sẹ́ńsọ̀ náà. Ó ṣeé ṣe kí ó kúrú, kó má kan omi. Ẹ má bu omi kún táńkì nítorí rẹ̀, ẹ ṣì nílò afẹ́fẹ́ yẹn lókè. Kí wẹ́dà gbé ọrùn rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀ lábẹ́ ìlà tó kéré jù. Kí ó sì rí i pé ẹsẹ̀ méjèèjì kò kan ara táńkì, torí irin ni. Bó bá kan án, ìmọ́lẹ̀ kò ní tàn mọ́ rárá, ì báà jẹ́ pé omi ti tán.

Arìnká

Mo wọn ọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 2 wà lókè omi. A ti gbé ọrùn náà wá sí ẹ̀gbẹ́ ní ọ̀sán yìí, a fi ìdè rọ́bà yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Mo fa omi jáde díẹ̀díẹ̀ láti fi dán an wò: bó ṣe lọ sílẹ̀ kọjá ìlà, iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, bí mo ṣe bù ú padà, ó kú.